Ta ni wọ́n ṣe òfin owó ilé fún?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí inú ń bí mi gidigidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, rí yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìpájà. ₦700,000 ni owó ilé lọ́dún. Ajẹ́ǹtì ní owó ọdún méjì ni onílé ń gbà: ₦1,400,000. Àgírímẹ́ǹtì ₦150,000, kọmíṣọ́ọ̀nù ₦150,000, owó kọ́ṣọ̀n (owó ìdúró bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé) tí ẹnikẹ́ni kì í rí gbà padà ₦100,000. Ó di ₦1,800,000 kó tó gbé ẹní wọlé. Bẹ́ẹ̀ omi kò yọ níbẹ̀ o, kànga ni wọ́n ń fà.

Òfin wà! Láti ọdún 2011, nígbà Gómìnà Fáṣọlá, ni òfin Èkó ti sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá rú u á san ₦100,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Èmi kò tíì gbọ́ pé wọ́n mú onílé kankan ládùúgbò wa. Èyí tó tún burú jù ni pé òfin kan náà sọ pé ayálégbé tó bá san owó náà jẹ̀bi pẹ̀lú. Ta ni yóò wá lọ fẹjọ́ sùn, kí ó fẹnu ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n? Wọ́n sì yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin mọ ibi tí wọ́n ń gbé.

Ohun tí mo rò pé yóò ṣiṣẹ́ nìyí. Ìjọba kì í ṣìnà tó bá di ọ̀rọ̀ Land Use Charge, owó orí ilé àti ilẹ̀ tí ìjọba Èkó ń gbà. Ìwé owó yẹn ń dé ẹnu ọ̀nà wa lọ́dọọdún. Kí wọ́n fi ìbéèrè sára ìwé náà: èèyàn mélòó ló yálé, èló ni ẹ gbà, ti ọdún mélòó? Òfin 2011 ti ní kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì. Kí rìsíìtì yẹn di èyí tí a ó lù lóǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù sì hàn lórí rẹ̀. Onílé tí kò bá ní rìsíìtì olóǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ lè lo ilé ẹjọ́ láti lé ayálégbé jáde. Kí wọ́n gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún òǹtẹ̀ náà tí wọ́n bá fẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn owó. Kí wọ́n sì yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ayálégbé, kó lè lanu sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tún kọ́lé bí Gómìnà Jákàǹdè ìgbà kan ṣe kọ́ ọ sí Abẹ́ṣàn àti Ìṣọ́lọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní ilé mẹ̀kúnnù tí olùkọ́ kò lè san àsansílẹ̀ rẹ̀.

Òfin wà, ẹ̀yin aláṣẹ. Títí a ó fi rí onílé kan ṣoṣo tó san ₦100,000 yẹn, ẹ yé kà á fún wa lórí rédíò.

Ayálégbé kan,
Ìpájà, Èkó.