Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi tó sùn sí Almendralejo, ní Spain

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ọdún kan pé lánàá tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Mo wá síbi ibojì yín.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń já ólífì níbí: ká so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọrùn, ká fi ìka fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí èyí tó bá dọ́gbẹ́, wọn ò ní sanwó rẹ̀. Tó bá ti dọjọ́ Àìkú, bọ́ọ̀lù ti dé nìyẹn. Ẹ kì í tilẹ̀ dárúkọ Real Madrid. Extremadura, ẹgbẹ́ ìlú yìí, ni ṣáá. Ohùn yín há lọ́jọ́ tí wọ́n gòkè sí ìpele kejì lọ́dún 2018. Nígbà tí José Antonio Reyes dé ní January 2019, Reyes Arsenal tó gba líìgì láìfìdírẹmi ní 2004, ẹ ní Ọlọ́run rántí àwa náà.

Àmọ́ June 1 ọdún yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Jàǹbá ọkọ̀ pa Reyes nítòsí Utrera, ìlú rẹ̀, lẹ́ni ọdún 35. Ẹ di irin géètì pápá Francisco de la Hera mú, ẹ ń ké. Ikun ń ṣàn nímú yín, ẹ ò nù ún.

Bọ̀ọ̀dá, nígbà tí Bàbá kú lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀yin àkọ́bí, ẹ ò sunkún. “Wọ́n ti dàgbà,” lẹ wí, ẹ sì wọ bàtà iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò níwèé tí ẹ lè fi lọ sílé kí ẹ tún padà. Ṣé físà ni omijé ń gbà? Ṣé Reyes ló rán wa níléèwé ni?

Ẹgbẹ́ ọ̀hún náà, gbèsè ló pa á. Wọ́n já sí ìpele kẹta ní 2020, owó agbábọ́ọ̀lù ò jáde mọ́, ó fọ́ ní 2022. Wọ́n dá CD Extremadura 1924 sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ tún tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Èmi náà ni wọ́n jẹ lówó oṣù báyìí. Láti ìgbà ìkórè àjàrà ni ọ̀gá mi ti ń ní kí n padà wá lọ́la. Onílé ò gbọ́ tọ̀la. Ọmọ mi fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù, ó ní ẹ̀yin, Dádì àgbà òun, lẹ ṣèlérí bàtà fóun. Níbo ni kí n ti rówó bàtà?

Màmá pè láàárọ̀. Wọ́n ṣì ń bi mí ìdí tí àkọ́bí wọn ò fi béèrè ibi tí a sin Bàbá sí. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ẹ sunkún, àmọ́ ìdí géètì pápá bọ́ọ̀lù lẹ ti sun ún?