Dísẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń yí ẹsẹ̀ GP9

Ọ̀gá Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú GP9, ọkọ̀ ojú irin tí General Motors bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, jẹnẹrétọ̀ ni ẹ̀ńjìnnì 567C onísílíńdà 16 ń yí. Iná jẹnẹrétọ̀ náà ló ń lọ sí mọ́tò mẹ́rin nísàlẹ̀, ọ̀kan fún áásù (ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀) kọ̀ọ̀kan. Agbára ẹṣin 1,750 ló ní; GP7 tó ṣáájú rẹ̀ ní 1,500.

Omi ni wàhálà GP7. Nínú ẹ̀ńjìnnì 567B rẹ̀, inú bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ni omi ń gbà yí láínà (àpò irin inú sílíńdà) ká, òrùka rọ́bà ló sì ń dí i. Bí rọ́bà bá gbó, omi á jò sínú ọ́ìlì, bẹ́árìn á sì jẹ. Wọ́n wá fún láínà kọ̀ọ̀kan ní páìpù omi tirẹ̀ nínú 567C. Lójú tèmi, ọgbọ́n yẹn ju ẹṣin 250 tí wọ́n fi kún un lọ.

Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti sinmi pẹ́, ẹ má kàn ṣáná sí i. Ẹ ṣí fáàfù àyẹ̀wò ara sílíńdà 16 náà, kí ẹ fi ọ̀pá irin yí ẹ̀ńjìnnì ní ìyípo kan gbáko. Bí omi bá tú jáde níbì kan, ẹ dúró: omi kì í ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, rọ́ọ̀dù tó di písítìn mú ló máa tẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ ti fáàfù padà kí ẹ tó tan án. Bátìrì fóltì 64 ló ń jí i. Jẹnẹrétọ̀ ńlá yẹn náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ sítátà.

Èmi ni òǹkàwé yín.