Owó ẹgbẹ́ ti lé, iná ìtàgé ò tàn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèré wa, nítorí a ti sọ ọ́ nípàdé títí, etí ikún ni wọ́n ń kọ sí wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn tún jókòó sórí rédíò, ó ń sọ pé eré orí ìtàgé ti kú, pé òǹwòran ò jáde mọ́, pé kí kálukú yáa gba ìdí fíìmù lọ. Ọjọ́ kejì gan-an ni ìkéde wọlé sórí WhatsApp pé owó ẹgbẹ́ ti lé sí i, ẹni tí kò bá sì san án kí oṣù tó parí, kò ní rí káàdì gbà. Bí eré ìtàgé bá ti kú lóòótọ́, owó kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa tí à ń ṣe é? Ṣé owó ìsìnkú ni?

Òǹwòran kò kú. Ẹ lọ sí Terra Kulture, ilé àṣà àti eré ní Victoria Island, Èkó, nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago méje alẹ́, kí ẹ wo bí èrò ṣe ń wọlé. Ilé eré náà sì wà. National Theatre tó wà ní Iganmu, Èkó, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1976, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè lọ́dún 2024, wọ́n ti tún un ṣe. Ìjọba Èkó kọ́ ilé tíátà sí Igando, Ẹ̀pẹ́, Badagry àti Oregun. Ìbàdàn ní gbọ̀ngàn àṣà ní Mọ́kọ́lá, Abẹ́òkúta ní ti Kútọ̀. Ohun tí a ò ní ni ẹni tí yóò bá ẹgbẹ́ eré kékeré, òṣèré méjìlá àti onílù mẹ́ta, gbé ẹrù ọjọ́ tí eré máa ṣí. Ẹrù yẹn ló ń pa wá. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ sì ni láti bá wa gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré ṣe ń kú, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lè mọ̀. Ẹgbẹ́ kan á gba gbọ̀ngàn fún ọjọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn òde ìnáwó ni, nítorí òun lowó wọn ká. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìtàgé rẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ, ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì àti táìlì tí ohùn ń ta padà lára wọn. Láti ìlà kẹjọ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń rí ẹsẹ̀ oníjó mọ́. Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ò sì ní kó ẹrù wọn tán títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Eré máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn, ẹ fẹ́ já ẹrù, ẹ fẹ́ gbé iná kọ́, ẹ fẹ́ darí iná kọ̀ọ̀kan sí ibi tí òṣèré máa dúró, ẹ fẹ́ dán máíkì wò, ẹ tún fẹ́ fi aṣọ eré sọ́rùn ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò lè ṣe é ṣe. Ọjọ́ kan gbáko ló yẹ kí wọ́n fi palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n onígbọ̀ngàn á ní owó ọjọ́ kan nìyẹn náà. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fò ni dídarí iná. Ìdí nìyẹn tí ọba fi ń jókòó sórí ìtẹ́ nínú òkùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ràn yòò sórí àpótí tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé.

Iná yẹn gan-an, ọwọ́ àwọn tó ń tan iná òde ijó ni wọ́n ti yá a. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ju pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ. Tí wọ́n bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ó lè funfun, ojú èèyàn dúdú á dà bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Aṣọ ẹtù àti àdìrẹ aláró tí ìyá alábòójútó aṣọ wá kiri kó tó rí, tí iná pupa bá ti bọ́ sí i, dúdú lásán ni, nítorí kò sí búlúù nínú iná pupa tí aró máa dá padà sí ojú òǹwòran. Iná tí ìtàgé nílò ni èyí tó ní funfun tirẹ̀ lọ́tọ̀, funfun tó fà sí yẹ́lò díẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti òde ijó lọ. Ẹgbẹ́ eré kan ò lè dá a rà, ẹgbẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ lè rà á.

Ká wá sọ ti jẹnẹrétọ̀. Iná ìtàgé àtijọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,000 wáàtì, tí méjìlá rẹ̀ bá tàn pọ̀, kílówáàtì 12 ni, ìyẹn bí ámpíà 52 ní fólítì 230. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA tí onígbọ̀ngàn fi ń yangàn, bíi kílówáàtì 16 ló lè gbé. Ẹ wá fi ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin lé e lórí. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ta jí, iná á rẹlẹ̀, àmpílífáyà á pa ara rẹ̀, àárín ibi tí ẹkún ìyàwó ti dùn jù ló sì máa ń ṣe é. Láìpẹ́ yìí, ní Ìbàdàn níbí, eré kan dúró títí tí àwọn kan fi ń bèèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n sì sọ dé ilé ni pé eré náà ò dára! Bẹ́ẹ̀ iná LED tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 wáàtì, méjìlá rẹ̀ ò tó kílówáàtì méjì. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA lásán á gbé e, á sì gbé míksà àti sípíkà kékeré méjì mọ́ ọn, kí amúlétutù máa bá tirẹ̀ lọ lórí jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn. Ìṣirò yìí ò le. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n, tí ẹgbẹ́ ń rán lọ wo gbọ̀ngàn kí wọ́n tó sanwó, ì bá ti kó ọ̀pọ̀ wa yọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè kò ju ilé ẹrù kan lọ. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan tí òjò ò lè wọ̀, kí wọ́n gbé pákó sílẹ̀ kí ẹrù má baà fara kan símẹ́ńtì. Fún gbọ̀ngàn tó ń gba ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, iná LED mẹ́rìndínlógún tó fún àwọ̀. Kí wọ́n fi mẹ́fà kún un, irú èyí tí a lè gé etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, fún ojú òṣèré. Orí irin ìdúró ní ọ̀tún àti òsì ni à ń gbé mẹ́fà yìí sí, kí ìmọ́lẹ̀ máa dà bọ̀ láti òkè ní dígírì 45. Tó bá kọjú sí òṣèré tààrà, ojú á tẹ́ bẹẹrẹ. Tó bá sì ga jù, gèlè àti abetí ajá á ju òjìji bo ẹyinjú, òṣèré á máa sunkún, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Kí wáyà tó ń gbé àṣẹ láti tábìlì ìdarí lọ sí ara iná jẹ́ wáyà DMX, kì í ṣe wáyà máíkì. Ẹnu wọn lè bára mu, àwọn oníná òde ijó sì fẹ́ràn láti fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì, ṣùgbọ́n tí wáyà bá ti gùn díẹ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú fúnra rẹ̀. Kí ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìdínà 120 ohm tirẹ̀, kí àṣẹ má baà ta padà, kí iná má sì ju 32 lọ lórí ìlà kan.

Máíkì orí mẹ́jọ tó. Kí kálukú wọn ní ìkànnì tirẹ̀, kí bátìrì jẹ́ tuntun ní gbogbo eré, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù láti àná, kí wọ́n sì fi ọ̀rá wé àpótí kékeré tó ń gbé ohùn máíkì jáde, tó ń wà ní ìbàdí òṣèré, nítorí òógùn. Lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí máíkì wà, kì í ṣe àyà, torí pé àyà ni agbádá ti ń ha á. Kí onílù dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó kéré tán mítà mẹ́ta sí máíkì tó súnmọ́ ọn jù, nítorí bàtá ò mọ̀ pé ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́. Aṣọ dúdú tí a ó fi bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà nínú ẹrù náà, àti ohun ìpaná méjì, oníkábọ́ọ̀nù dàíọ́kísáìdì, kì í ṣe olómi, tí a ó gbé sí ìdí wáyà. Gbogbo rẹ̀ ò kún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan.

Òfin ilé ẹrù ló ṣe pàtàkì ju ẹrù lọ. Kí nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà. Kí ẹrù má jáde láìsí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ ń san owó fún, tó máa bá a lọ, tó sì máa bá a bọ̀. Tó bá dé, kí ẹni tó yá a àti ẹni tó ni í yẹ wáyà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti bàjẹ́, kí wọ́n so téèpù pupa mọ́ ọn, kí ó má padà sínú àpò. Wáyà tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ká dáadáa padà sínú àpò, òun ló ń ba eré ẹlòmíràn jẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe alága, ì báà ṣe akọ̀wé, má gbé jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́ lọ sílé. A mọ ohun tí à ń sọ. Jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́ tó lọ "fún àtúnṣe" tó wá ń tan iná sí pálọ̀ ẹnì kan, kì í ṣe tuntun létí wa.

Ẹ bi mí níbo lowó ti máa wá? Owó ẹgbẹ́ ti lé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí wọ́n kó èyí tó lé yẹn síbẹ̀. Kí wọ́n kó owó ẹgbẹ́jọdá síbẹ̀, àti owó àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń gbé fún àwọn olóṣèlú tí ò wo eré rí, àti owó kéèkì tí wọ́n ń gé ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta lọ́dọọdún nítorí Àyájọ́ Tíátà Àgbáyé. Owó tí ẹgbẹ́ eré ń san fún oníná òde ijó báyìí, ilé ẹrù ni wọ́n máa san án fún, kí ó dín díẹ̀, kí èyí tó bá wọlé sì máa tún ẹrù ṣe. Ìkejì ẹrù á jáde lára ti àkọ́kọ́.

Kí òṣèré jọ máa ran ara wọn lọ́wọ́ kì í sì í ṣe àṣà àjèjì. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall, Èkó, lọ́dún 1944, kò sí ẹgbẹ́ òṣèré kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri tó tẹ̀ lé e ń fi ọkọ̀ ara wọn gbé gbogbo nǹkan tiwọn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí Ogunde àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní ANTP, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà Nàìjíríà, tí Ogunde sì jẹ́ olórí rẹ̀, àwọn ọ̀gá eré ń bá ara wọn ṣeré nínú fíìmù ara wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà láìgba owó gidi. Ohun tí wọ́n jọ ń lò nìyẹn, wọn ò ní iná púpọ̀, wọ́n ní ara wọn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ti wá di ibi ìbò àti káàdì.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Actors' Equity, tí àwọn òṣèré dá sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1913, bá ìyà yìí pàdé: oníṣòwò eré á kó òṣèré lọ sí ìlú òkèèrè, eré ò ní pa owó, á sá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé oníṣòwò gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ṣáájú, kí òṣèré lè rí owó rẹ̀ gbà tí ọ̀gá bá sá. Nílé wa, òṣèré á ṣe rìhásà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á ní ká mú sùúrù, ẹgbẹ́ á sì ní ọ̀rọ̀ ilé ni.

Kí ẹgbẹ́ wa ní kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, kí eré mẹ́rin má baà bọ́ sí Sátidé kan náà ní oṣù Kejìlá nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo ní oṣù Kejì. Kí wọ́n bá àwọn tó ń já pátákó ìpolówó wa sọ̀rọ̀. Kí wọ́n ní ibì kan tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo eré, bí ẹgbẹ́ àwọn onílé tíátà Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣe ní Leicester Square láti 1980, tí ìjókòó tó ṣẹ́kù fi ń tà ní ẹ̀dínwó.

Ṣùgbọ́n ilé ẹrù ni kó ṣáájú. Ẹni tó bá tún jókòó sórí rédíò pé ìtàgé ti kú, kí ó kọ́kọ́ sọ iye iná tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní. Kí akápò gbé ìwé ìnáwó ọdún tó kọjá síta kí a tó san kọ́bọ̀ lórí owó tuntun yìí, kí ó kọ iye tó lọ sórí eré ìtàgé sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ òdo ni, kí ó kọ òdo síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé,
Ìbàdàn