Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Oníbàárà Kì í Dágbére

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi pé kí n bá òun wá ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ ìránbàtà òun. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló rán bàtà tí mo ń wọ̀ jáde, kò sì tíì já. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti yí ohun tó kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ padà. Ó kọ́kọ́ kọ owó kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sí i, ó pa á rẹ́, ó kọ NFT, ìyẹn àmì ohun-ìní orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ariwo ìyẹn náà rọlẹ̀, ó kọ AI, ìyẹn òye àtọwọ́dá ti kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé àwọn tó ń rán bàtà fún ńkọ́. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí wọ́n lọ.

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, nítorí pé oníbàárà kì í dágbére. Kì í sọ fún ọ pé òun ti rí ẹlòmíràn. Yóò kàn ṣàìwá ni, ìwọ yóò sì rò pé ọjà ló dá.

Ó ti ṣe mí rí. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi nígbà ọ̀dọ́, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo sì ní. Nígbà tí fídíò gbòde, tí gbogbo ẹni tó ní yàrá kan ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà, èmi náà kó owó tó yẹ kí n fi ra rólà àti yíǹkì, mo fi ra kásẹ́ẹ̀tì. Fún oṣù díẹ̀, owó wọlé, mo sì ń fi àwọn tó ṣì ń tẹ ìwé rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan tó máa ń gbé iṣẹ́ fún mi lọ́dọọdún wá, mo ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tó padà wá, rólà kò ṣiṣẹ́, mo tún ní kó padà wá. Ó kí mi dáadáa, ó lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni mo tó tún rí i. Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì, díìsìkì dé, ó bà á jẹ́. Mẹ́rìnlá nínú wọn ṣì wà nínú àpótí mi, ìyàwó mi kò sì yé bi mí pé kí ni mo ń fi wọ́n ṣe.

Ta ló tilẹ̀ ń lé yín? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta tíì inú ìgò ní Amẹ́ríkà, Long Island Iced Tea, yí orúkọ padà sí Long Blockchain. Blockchain ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn owó kírípítò. Iye ìpín ìdókòwò rẹ̀ fò sókè lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ tíì náà ni wọ́n ṣì ń tà. Kí ọdún 2018 tó parí, Nasdaq, ọjà ìpín ìdókòwò kan ní Amẹ́ríkà, ti yọ ọ́ kúrò. Pátákó náà ni ìyẹn!

Ẹ óò ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ìdajì ọ̀nà kan, tó padà, tó gba òmíràn, tó tún padà, ilẹ̀ yóò ṣú bá a kó tó dé ọjà. N kò ní kí ẹ jókòó sójú kan. Nígbà tí kámẹ́rà tí kò nílò fíìmù dé, Fujifilm ti Jàpáánì, tó ń ṣe fíìmù, kò ju ìmọ̀ rẹ̀ nù. Ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa kọ́lájìn, èròjà tó wà nínú fíìmù àti nínú awọ ara, àti nípa bí àwọ̀ àwòrán kò ṣe ní ṣá, ló gbé lọ sídìí ìpara awọ ara. Ẹni tó di ẹrù rẹ̀ kó tó ṣí lọ yàtọ̀ sí ẹni tó sá fi ilé sílẹ̀.

Kí ẹ tó kó owó sí nǹkan tuntun, ẹ bi ara yín bóyá owó yíǹkì ni. Ẹ máa ka àwọn tó padà wá rajà lóṣooṣù, kí ẹ sì pe ẹni tí ẹ kò bá rí, kí ó tó di pé ẹ gbàgbé orúkọ rẹ̀.

N kò bá ọmọ yẹn wá ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ rẹ̀. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, kó máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé kẹta ni ẹsẹ̀ tèmi wà. Mo ṣì ń retí ìpè rẹ̀.

Èmi ni bàbá yín,
Àgbà òǹtẹ̀wé kan.