Lẹ́tà sí Àǹtí mi, tá a jọ máa ń wo Doctor Who lálẹ́ Sátidé

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo gbọ́ pé orúnkún yín ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ibẹ̀ la ó sì ti kúrò lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Doctor Who ni mò ń wò, eré tẹlifíṣọ̀n BBC nípa Dókítà, arìnrìn-àjò tó ń gbé èèyàn lọ sí ìgbà àtijọ́ àti ọjọ́ iwájú. Kì í ṣe tuntun o. Èyí tá a jọ wò nínú fúláàtì yín ní Walworth, ní London, ni, sáà ti 2005, ti 2006 àti ti 2007. Mo wò ó tẹ̀ léra tẹ̀ léra, mi ò fo apá kankan, títí kan àwọn tí mo ti bú létí yín. Nígbà tí mo dé apá kẹjọ nínú sáà àkọ́kọ́, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó sínú òkùnkùn. Mo jẹ yín ní ẹ̀bẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ìwé pélébé tí mo kọ fún yín lọ́dún tí mo wọ yunifásítì? Ẹ ní ẹ fẹ́ tún eré yẹn wò látìbẹ̀rẹ̀ torí ilé dá wáí lẹ́yìn tí mo lọ. Mo ní kẹ́ ẹ má fi àkókò yín ṣòfò. Mo kọ orúkọ gbogbo apá rẹ̀ sílẹ̀, mo wá fa igi lé èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wò, mo tún kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi tí mo fà pọ̀ ju orúkọ tó kù lọ. Ẹ kà á, ẹ ká a, ẹ fi sínú Bíbélì yín, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Ẹ mọ bí mo ṣe rí nígbà tí mo dé. Ọmọ ọdún 11, mi ò lọ́rẹ̀ẹ́, òtútù ń mú mi lábẹ́ kúbùsù pàápàá, bí mo ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sì ń pa àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́rìn-ín. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ilẹ̀ kì í mọ́ kẹ́ ẹ tó jáde lọ fọ ọ́fíìsì, ẹ tún ń padà lọ lálẹ́. Sátidé nìkan lẹ máa ń wà nílé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2005, ẹ dín dòdò, ẹ tan BBC One, a rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rose, tó ń gbé fúláàtì káńsù pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Eré náà ò tíì rìn jìnnà tẹ́ ẹ fi nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ṣebí Brandon Estate nìyẹn! Ibi tí bọ́ọ̀sì wa máa ń gbà kọjá nìyẹn!" Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya òde ilé Rose. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ibi tá à ń gbé lè wà nínú eré tí ọkọ̀ ojú òfuurufú wà.

Bí ike ìdọ̀tí onítáyà yẹn ṣe gbé ọ̀rẹ́kùnrin Rose mì, tó wá gùfẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di ìhà mú. Nígbà tí mo dàgbà, mo ní ìwà ọmọdé ni, mo fa igi lé e.

Ohun tí mi ò rò nígbà yẹn ni ipò tí àwọn tó ṣe é wà. Eré tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963 ni, BBC ti pa á tì ní 1989. Wọ́n gbìyànjú láti jí i pẹ̀lú fíìmù kan ní 1996, kò dìde. Nígbà tí òǹkọ̀wé Russell T Davies àti àwọn ará BBC ní Cardiff wá gbé e dání, tí wọ́n mú Christopher Eccleston ṣe Dókítà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ayé ṣì ń fẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 10 ló wò ó ní Sátidé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á. Oṣù keje ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, apá kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni wọ́n sì kọ́kọ́ yà, lábẹ́ olùdarí kan náà. Ìyẹn ni pé ike ìdọ̀tí tó gùfẹ̀ àti àwọn ẹ̀dá onísó tó wọ awọ èèyàn, tí wọ́n ń só kiri nínú ilé olórí ìjọba, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn. Ọwọ́ wọn ò tíì mọ́ ọn.

Ìsó yẹn ṣì pọ̀ jù o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nínú apá kẹrin kan náà ni Rose ti padà sílé, tó rò pé wákàtí 12 lòun fi lọ, tó sì jẹ́ pé oṣù 12 ni. Ìyá rẹ̀ ti lẹ fọ́tò rẹ̀ káàkiri àdúgbò, ó ti sunkún tán. Ìyá yẹn fọ́ Dókítà létí. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ ní ó yẹ kó fi ìkejì tì í. Bẹ́ẹ̀, tí èèyàn bá gba ìmọ̀ràn mi, kò ní rí ìyẹn láéláé, torí mo ti fa igi lé apá náà nítorí ìsó.

Ẹ wo èyí náà. Ní 2006, tí David Tennant ti di Dókítà, apá 13 ni wọ́n ń ṣe, pẹ̀lú ti Kérésìmesì lórí rẹ̀, àkókò ò sì tó. Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n á máa ya apá méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní Dókítà nínú. Ọgbọ́n yẹn ló bí "Love & Monsters", èyí tí ẹ̀dá ọlọ́ràá tútù kan ń fa àwọn èèyàn mọ́ra títí ojú wọn á fi yọ lára rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 kan ló ya àwòrán ẹ̀dá náà nínú ìdíje tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé. Mo dìde kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, mo fi yín sílẹ̀ lórí àga. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dá ọgbọ́n kan náà torí ìṣòro kan náà, ó wá bí "Blink", èyí tí Steven Moffat kọ, tí àwọn ère áńgẹ́lì olókùúta kì í mira títí èèyàn á fi ṣẹ́jú. Ó gba Hugo, àmì ẹ̀yẹ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ yí ojú ère kékeré orí tẹlifíṣọ̀n yín sí ògiri kẹ́ ẹ tó lè sùn. Èmi wá kọ "Blink" sókè ìwé pélébé mi, mo fa igi méjì lé èkejì, àfi bí ẹni pé wọn ò ti inú ìkòkò kan náà jáde.

Ibì kan wà tí mi ò lè gbà fún wọn o, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ Martha ni, ọmọbìnrin tó ń bá Dókítà rìn lẹ́yìn Rose. Nígbà tí Freema Agyeman, tó ṣe Martha, jáde ní 2007, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ghana, tí wọ́n ní ó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ẹ pe èmi láti yàrá, ẹ tún pe aládùúgbò. Kí ni wọ́n wá fún un ṣe? Kó máa wo ojú Dókítà, ọkùnrin tí ò rí tiẹ̀ rò. Nínú apá méjì kan, wọ́n gbé e lọ sí 1913, ó di ìránṣẹ́bìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó, ó kúnlẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń fi àwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ ò sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọwọ́ ara yín, ẹ sì kó wọn sábẹ́ ìró. Gbogbo èèyàn ló ń yin apá méjì yẹn, wọ́n sì dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n mọ ẹni tó máa jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ Sátidé pẹ̀lú irú ọwọ́ yẹn. Ibi tẹ́ ẹ ti tún gbórí sókè ni ìgbà tí obìnrin òyìnbó kan níbẹ̀ ní irú ẹ̀ ò lè di dókítà oníṣègùn, tí Martha wá na ọwọ́ rẹ̀, tó ń dárúkọ egungun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ń mi orí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbọ́ oríkì.

Ó gbà wọ́n lákòókò kí wọ́n tó gbọ́n sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Dókítà jẹ́ Ncuti Gatwa, ọmọ tí wọ́n bí ní Rwanda, wọ́n sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó. Inua Ellams, tí wọ́n bí ní Jos, ló kọ ọ́. Mo ti fi pa mọ́ fún yín.

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni apá kẹjọ yẹn, "Father's Day".

Bàbá Àgbà kú ní 1999. Ẹ ò tíì níwèé. Tẹ́ ẹ bá jáde kúrò ní London, ẹ ò ní lè wọlé mọ́. Èmi ọmọ ọdún 5 wà níbẹ̀, mo wọ aṣọ ẹbí, mo jẹ jọ́lọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Mo rí i lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín, wọ́n fi báírò kọ "Ìsìnkú Baba" sí i lára. Mi ò rí i kẹ́ ẹ tan án rí.

Nínú apá yẹn, Rose ní kí Dókítà gbé òun lọ sí ọjọ́ tí bàbá òun kú ní 1987, torí bàbá náà nìkan ló dá kú lójú títì, kò sẹ́ni kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e, ọkọ̀ gbá bàbá. Ó ní kí wọ́n padà. Lọ́tẹ̀ yìí ó sáré, ó ti bàbá kúrò lọ́nà. Ayé wá dojú rú, àwọn ẹranko abìyẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń gbé èèyàn jẹ. Ọkọ̀ tí ì bá pa bàbá ò sì lọ, ó ń yọ níkọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sá sí níbi ìgbéyàwó, ó ń pòórá, ó tún ń yọ. Bàbá rí i láti ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé tóun bá kú, ayé á padà bọ̀ sípò. Ó gbé ìkòkò òdòdó tó fẹ́ fi ta ìyàwó ọjọ́ náà lọ́rẹ dání, ó sáré jáde síwájú ọkọ̀.

Ibẹ̀ lẹ ti dìde, tẹ́ ẹ ní ẹja ń jóná. A ò ní ẹja lórí iná lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ tí omi ń dà sínú síǹkì, ó ń dà ṣáá. Mo pariwo pé, "Àǹtí, ó ti fẹ́ parí o, ẹ máa bọ̀!" Ẹ padà wá, ojú yín tutù. Ẹ bi mí pé, "Ṣé òun nìkan ló tún dá kú?" Mo ní rárá, Rose di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ ní, "Ó dáa." Ẹ jókòó títí orúkọ tó ń gùn sókè fi tán.

Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, mo fa igi lé "Father's Day". Mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: àwọn ẹranko inú rẹ̀ kò dáa. Òótọ́ ni, wọn ò dáa, wọn ò sì tíì dáa títí di òní. Ẹ forí jì mí, Àǹtí.

Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, màá pè yín lórí WhatsApp ní Sátidé tó ń bọ̀, tí iná bá wà. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ike ìdọ̀tí, a ò ní fo ìkankan, a ó wo ìsó náà. Tá a bá dé apá kẹjọ, tẹ́ ẹ bá dìde lọ sí kíṣìnì, mi ò ní pè yín. Màá dá a dúró níbi tó bá dé títí ẹ ó fi padà wá jókòó.

Èmi ni,
Ọmọ yín