Àbẹ̀kẹ́, bí ẹ bá ń bọ̀ fún Ọdún Ṣàngó

Òwòdé, Ọ̀yọ́
Ọjọ́ 24 oṣù Keje, ọdún 2021

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Àwa náà wà, ara le, a sì ṣe Iléyá ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

O bi mí pé ṣé kòrónà ti kúrò ní Ọ̀yọ́, pé bó bá ti kúrò, ìwọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ yóò ti Ìlú Ọba wá fún Ọdún Ṣàngó lóṣù tó ń bọ̀. Rárá o, kò tíì kúrò. Kí Iléyá tó dé ni ìjọba àpapọ̀ dárúkọ Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lójúfò, pẹ̀lú Èkó, Rivers, Kaduna, Kano, Plateau àti Àbújá. Irú àrùn náà tí wọ́n ń pè ní Delta ti wọlé sí Nàìjíríà, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, kéde rẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù yìí. Mi ò ní torí pé mo fẹ́ kí yàrá ilé ìtura mi kún kí n fi èyí pa mọ́ fún ọ.

Àmọ́ o, bí mo bá jẹ́ àlejò, ohun mìíràn ni màá béèrè. Kí ni òfin níbi tí mò ń lọ? Ta ló ń mójú tó o? Ṣé ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n tó sanwó ni màá bá lẹ́nu ọ̀nà? Ẹni tó bá rí èsì gidi gbà sí èyí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bí àrùn tilẹ̀ ṣì wà nílùú. Ẹni tí kò bá rí i gbà, bí wọ́n fi gbogbo ẹnu búra fún un pé àrùn ti lọ, kò ní gbẹ́sẹ̀.

O ṣáà mọ ohun tójú wa rí. Ọjà Akẹ̀sán jóná ní oṣù Kínní 2020, a ò tíì nu omijé nù tí kòrónà fi dé. Ní ìparí oṣù Kẹta, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní kí kálukú máa wà nílé láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, kò sì ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ kéde pé àyẹ̀wò ti bá àrùn náà lára òun. Ọlọ́run bá wa yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn mọ́, títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje. Àwọn ará òkè òkun ò sì rí bàálù wọ̀ wá títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí oṣù Ṣàngó ti kọjá lọ. Ní Òṣogbo náà, wọ́n ní kí èrò jókòó sílé lọ́dún Ọ̀ṣun, àwọn tí ètùtù kàn ló ṣe é. Bàbá tó ń fín igbá ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀. Ó ń fín in lójoojúmọ́, ó ń tò ó lérí ara wọn títí igbá fi kan àjà, eruku sì bo ọnà dáradára tó fi ọ̀bẹ yọ sí i lára. Ìgbà tí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mi ò kì í lè wo inú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí ní gbọ̀ngàn ìnáwó kan níbí, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Wọ́n lẹ ìwé gàdàgbà mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹni tí kò bá lo ìbòmú kò ní wọlé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ wà níbẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ń jò, ọṣẹ ti tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ohun tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara dání, ó ń nà án síwájú orí èèyàn, kò sì wo ohun tó kọ. Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ló ń wí. Nínú gbọ̀ngàn, àga fara kan àga, wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń náwó fún olórin, ẹnu ń kan etí. Láti oṣù Kínní ọdún yìí sì ni òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ti sọ pé ìpéjọ inú ilé kò gbọdọ̀ ju èèyàn 50 lọ. Èrò tó wà níbẹ̀ fi ìlọ́po ìlọ́po ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tọkọtaya àgbàlagbà kan tó ti Amẹ́ríkà wá sùn lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì pè wọ́n síbi ìnáwó náà. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n jáde. Lálẹ́, màmá yẹn sọ fún mi pé àrùn kọ́ ló lé àwọn jáde, ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn ni. Ó ní, “Bí wọ́n bá lè purọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú ilé?” Wọ́n kúrò ní Ọ̀yọ́ kí ọjọ́ wọn tó pé. Wọn ò dé Kòso, ojúbọ Ṣàngó, wọn ò ra igbá kan ṣoṣo. Àbẹ̀kẹ́, ó dùn mí wọra. Ká ní wọn ò lẹ ìwé kankan, àwọn àgbà yẹn ì bá ti jókòó sílé jẹ́jẹ́, wọn ì bá sì dé Kòso lọ́jọ́ kejì.

Nítorí náà, ohun tí mo bá lè ṣe nìkan ni mò ń kọ sára ògiri ilé mi. Kí àlejò tó san kọ́bọ̀, màá ti fi òfin ilé ránṣẹ́ sí i: ìbòmú nígbà tí ẹ bá wà láàárín èrò, oúnjẹ lágbàlá lábẹ́ igi máńgòrò, fèrèsé ní ṣíṣí. Bí onílù bá máa lù fún yín, ìta gbangba ni, ojúmọmọ sì ni. Owó tí ẹ bá san sílẹ̀, bí àyẹ̀wò bá gbé kòrónà jáde lára ẹnikẹ́ni, tàbí tí ìjọba bá yí òfin padà, màá dá a padà, tàbí kí n tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí onítọ̀hún bá lè wá. Ọ̀rọ̀ owó yìí ló ń mú kí àwọn èèyàn tún máa pè mí.

Ní tiyín, ẹ ṣe àyẹ̀wò kòrónà tí wọ́n ń pè ní PCR láàárín wákàtí 72 kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì ìrìnàjò ìjọba, ẹ sì san owó àyẹ̀wò ọjọ́ keje síbẹ̀. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ ó ya ara yín sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tún ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má wá gúnlẹ̀ ní àìsùn ọdún kí ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ ní Kòso lọ́jọ́ kejì, mi ò ní gbà yín sílé báyẹn. Ìpadàbọ̀ yín ti dẹ̀ díẹ̀: láti ọjọ́ 19 oṣù yìí, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà méjèèjì ní Ìlú Ọba kò ní láti sé ara rẹ̀ mọ́lé bó bá ti Nàìjíríà dé, àyẹ̀wò ni yóò ṣe.

Rántí pé abẹ́rẹ́ tiyín kì í ṣe tiwa. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ni abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó dé lóṣù Kẹta, a sì lé ní 200 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń lu bàtá tí ẹ fẹ́ wá gbọ́ kò tíì rí ọ̀kan gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, ẹ má di mọ́ wọn.

Àwọn ará Bùràsílì ni àárò wọn ń sọ mí jù. Láti oṣù Karùn-ún ni ìjọba ti ní kí àjèjì tó bá wà ní Bùràsílì, Íńdíà tàbí Tọ́kì láàárín ọjọ́ 14 má wọlé. Ọmọ Ṣàngó ni wọ́n, bí wọ́n bá dé Kòso, orin ni wọ́n fi ń wọlé. Síbẹ̀, mi ò bá òfin yẹn jà, torí ó yé gbogbo èèyàn kedere, ó sì tètè jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Salvador kọ̀wé pé òun ti gbọ́, òun ń tọ́jú owó ọkọ̀ òun di ọdún tó ń bọ̀. Kò bínú sí wa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wà níbẹ̀, o ò sì bi mí. Àwọn ajínigbé ń da àwọn arìnrìn-àjò láàmú, kónílé-ó-gbélé sì wà láti aago méjìlá òru sí aago mẹ́rin. Ojúmọmọ ni kí ẹ kúrò l'Ékòó, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú yín sójú ọ̀nà. Awakọ̀ tí mo mọ ìdílé rẹ̀ ni màá rán wá gbé yín.

Fi orúkọ àwọn tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí. Sọ fún mi bí ẹnì kan nínú wọn bá ní ikọ́ fée tàbí àtọ̀gbẹ, kí n lè fún un ní yàrá tí atẹ́gùn ti ń wọlé dáadáa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, má rọ̀ ọ́ rárá. Jẹ́ kó jókòó di ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àyọ̀ká