Má Tíì Tú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Bá mi kí Bàbá àti Màmá, kí o sì bá mi kí gbogbo ará ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ibí náà sì ti ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Mo tún un gbọ́, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ tí o ń sọ, bí kò ṣe nítorí ìró tó ń dún lẹ́yìn rẹ: kẹ́-kẹ́-kẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. O ní kọ̀ǹpútà Bàbá ni, pé ó ti lọ́ra jù, pé o fẹ́ tú u lópin ọ̀sẹ̀ yìí kí o fi SSD tuntun, ibi ìpamọ́ fáìlì tó yá ju háàdì dísìkì lọ, sí i.

Jọ̀ọ́, má tíì tú u. Ìró yẹn kì í ṣe ti eruku. Àwọn àwo pẹlẹbẹ ló wà nínú háàdì dísìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà náà ń pa fáìlì mọ́ sí, tí wọ́n ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Orí kékeré kan ló ń rìn lókè wọn láìfara kàn wọ́n, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kéré púpọ̀ sí ìnípọn irun orí kan. Bí orí yẹn bá ń wá ohun tó fẹ́ kà lórí àwo tí kò rí i, á padà sẹ́yìn, á tún gbìyànjú. Òun lò ń gbọ́ yẹn. Dísìkì tó bá ti ń dún báyìí lè lo oṣù mẹ́fà sí i, ó sì lè má mọ́jú ọ̀la. Ẹ̀mí tó kù nínú rẹ̀ lẹ fi ń wo fíìmù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan án láìnídìí.

Fáìlì ni kí o kọ́kọ́ kó jáde. Má sì ní kí o kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Windows ṣeé tún fi sí i, ètò ìkọ̀wé ṣeé tún fi sí i, fíìmù wà níbi tí ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n ohùn Ìyá Àgbà tí a gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ibo la ti fẹ́ tún un gbà? Òun ni kí o kọ́kọ́ mú, fáìlì kékeré ni, kò ní pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán àtijọ́ tí Bàbá jókòó tì tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé wọn. Fáìlì tó bá ń ṣagídí, fò ó, kí o padà sí i nígbẹ̀yìn. Bí Windows bá ní kí o jẹ́ kí òun tún dísìkì náà ṣe, kọ̀ fún un, torí á máa kọ nǹkan sórí ohun tí a ṣì ń wá ọ̀nà àtikó. Bí dísìkì náà bá kọ̀ pátápátá, pa kọ̀ǹpútà náà, kí a wá ẹni tó ń fi yíyọ fáìlì kúrò nínú dísìkì tó ti kú ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o gbé e sínú fìríìjì. Má dá a lóhùn.

Ní ti SSD, mo wà lẹ́yìn rẹ. N kò tíì rí ohun tó ń sọ ogbólógbòó kọ̀ǹpútà di ọ̀tun bí i rẹ̀, kódà bí a bá fi kún RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Kò ní àwo tó ń yí, kò sí orí tó ń wá ọ̀nà kiri. Àmọ́ yẹ kọ̀ǹpútà náà wò kí o tó yọ owó. SSD oní-ínǹṣì 2.5 tó ń lo SATA, ọ̀nà àtijọ́ tí dísìkì ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ló sábà máa ń wọ ojú tí háàdì dísìkì láptọ́ọ̀pù wà. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan tún ní ojú M.2, ihò tí wọ́n ń ki SSD pẹlẹbẹ bọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń ṣì í rà. Èyí tí wọ́n kọ 2280 sí, mìlímítà 22 ni fífẹ̀ rẹ̀, 80 ni gígùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ SATA, ó sì lè jẹ́ NVMe, ọ̀nà tuntun tó yá ju SATA lọ. Wọ́n jọra púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kan lè gba ọ̀kan kó má gba èkejì. SATA ń kó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 550 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ NVMe á sáré kọjá 3,000. Fún lẹ́tà tí Bàbá ń kọ àti àwòrán tí wọ́n ń wò, wọn ò ní mọ ìyàtọ̀, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye ìsáré gba owó lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sì ra tẹ́rábáìtì kan tí Windows ní gígábáìtì 931 ni, wọn ò rẹ́ ọ jẹ: ẹni tó ṣe é ń ka ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, Windows ń fi 1,024 kà á.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ fi ètò tó ń da dísìkì kan kọ odindi sórí èkejì ṣe é. Ó dára bí dísìkì bá lera. Eléyìí kò lera, ètò yẹn á sì fẹ́ ka gbogbo igun rẹ̀ pátá. Fi Windows tuntun sórí SSD, kí o wá kó fáìlì tí o ti yọ sílẹ̀ sí i.

Ibi tí èmi àti ìwọ kò ti fẹnu kò ni èyí: o ní bí SSD bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí o. SSD náà ń kú, kì í sì í pariwo kó tó kú. Bí èèyàn bá pa fáìlì rẹ́ lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní kó nu ojú ibẹ̀ mọ́, ó sì máa ń ṣòro láti rí i gbà padà. O ní ibi ìpamọ́ Google lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Gígábáìtì 15 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, méèlì àti àwòrán ló sì jọ ń jẹ ẹ́. Bí Màmá bá ṣèèṣì pa àwòrán rẹ́ lórí fóònù wọn, á pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. O tún ní èmi ti ní àwọn àwòrán náà torí o ti fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi. WhatsApp ti fún wọn pọ̀ kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ mú ojú Ìyá Àgbà tóbi, ṣe ló ń di bàìbàì.

Ayàwòrán kan, Peter Krogh, ló sọ òfin 3-2-1 di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀: ẹ̀dà 3, lórí irú ibi ìpamọ́ 2, kí 1 wà níbòmíràn. SSD Bàbá ni àkọ́kọ́. Háàdì dísìkì ìta ni kí ìkejì jẹ́. So ó mọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí o bá ń kó fáìlì sí i nìkan, kí o yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Bí àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti fáìlì ẹni pa kí wọ́n lè gbowó bá wọ inú kọ̀ǹpútà náà, ohun tó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà ni ọwọ́ wọn lè tẹ̀. Bí iná mànàmáná bá sì ya wọlé lójijì, kò ní kan èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ìkẹta, ọ̀dọ̀ mi ni. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé, ìlò wo ni jíjìnnà mi wúlò fún yín ju èyí lọ? Ohun tó bá ṣe ilé yẹn kò lè ṣe ilé yìí lọ́jọ́ kan náà. Ra dísìkì ìta kejì, exFAT, ọ̀kan lára ìlànà tí dísìkì fi ń to fáìlì, ni kí o fi tò ó. FAT32, ìlànà tó ti pẹ́ jù ú lọ, kì í gba fáìlì tó bá ju gígábáìtì 4 lọ, fídíò ìgbéyàwó rẹ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Orí fóònù ni mo ti wò ó lọ́jọ́ náà, àwòrán ń dúró, ohùn ń já. Mo fẹ́ wò ó bó ṣe yẹ. Fi VeraCrypt, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísìkì, tì í pa, kí o fún ẹni tó bá ń bọ̀ níbí, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jù sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ aṣínà fún mi lórí fóònù. Má kọ ọ́ mọ́ ara dísìkì.

Kí o tó fún un, gbé dísìkì náà sára kọ̀ǹpútà mìíràn, kí o ṣí fáìlì mélòó kan. Gbọ́ ohùn náà dé òpin. Má wulẹ̀ ka orúkọ fáìlì kí o ní ó ti pé.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà méèlì Bàbá lọ́wọ́ wọn, kí o wò ó bóyá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Bó bá wà, a nílò kọ́kọ́rọ́ ìmúpadà rẹ̀, á sì ṣeé ṣe kó wà nínú àkáǹtì Microsoft wọn. Pè mí ní alẹ́ Sátidé, kí a jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí àyẹ̀wò BitLocker yẹn, kí wọ́n má tan án títí di ìgbà náà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ